Ẹ̀kọ́ Òwò: Kúpọ́ọ̀nù, Price Match àti Ọmọ Wa Tó Wà Lórí Kántà

Lójú-ìwé òwò ti ẹ̀dà yìí, a fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ kan tó kan ọ̀pọ̀ ilé láàrin wa. Bí ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù ní Largo, ní Bowie, ní Hyattsville, ní Laurel tàbí ní Oxon Hill, kì í pẹ́ tí ẹ ó fi rí ọmọ Yorùbá kan lórí kántà: akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi iṣẹ́ alẹ́ san owó ilé-ẹ̀kọ́, bàbá tó jẹ́ tíṣà nílé kó tó rìnrìn-àjò wá, ìyá tó ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó ń rẹ̀ wọ́n jù. Wọn yóò sọ fún yín pé ó ju ìdúró wákàtí mẹ́jọ lọ. Ọ̀rọ̀ oníbàárà tó mú kúpọ́ọ̀nù wá tí ẹ̀rọ kọ̀ ọ́ ni, tàbí ti ẹni tó na fóònù síni tó ní, "Níbòmíràn, iye báyìí ni wọ́n ń tà á."

Kókó ẹ̀kọ́ wa nìyí: owó tí a ń dín kù lórí kántà ní olówó, olówó náà kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá mọ ẹni tó ni owó náà, tó mọ ohun tí ìwé sọ, tó sì mọ ẹni tó láṣẹ, yóò lè fi ọ̀wọ̀ bá oníbàárà sọ̀rọ̀, iṣẹ́ kò sì ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

1. Ọjà ilé àti ọjà ibí

Nílé, ẹni tó ń ta ìrẹsì ní Bódìjà ló ni ọjà rẹ̀. Ó lè pe iye kan kó gba òmíràn. Ó lè bu èènì sí i nítorí pé oníbàárà àtijọ́ ni, tàbí nítorí pé onítọ̀hún kí i dáadáa. Níbí, iye owó ti wà nínú ẹ̀rọ kí òṣìṣẹ́ tó dé ibi iṣẹ́. Síbẹ̀, ìfẹ́ èènì kò kúrò lọ́kàn ọmọ aráyé. Kúpọ́ọ̀nù ni èènì tiwọn. Price match, ìyẹn ni pé kí ṣọ́ọ̀bù kan gbà láti ta ọjà ní iye tí ṣọ́ọ̀bù mìíràn ń tà á, ni ọjà nínà tiwọn. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló ní òfin tí a ti kọ sílẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ ni lójú oníbàárà. Ní February 2012, ilé-iṣẹ́ JCPenney, lábẹ́ ọ̀gá wọn tuntun Ron Johnson, pa kúpọ́ọ̀nù tì, wọ́n ní iye tó rọjú ni àwọn yóò máa tà lójoojúmọ́. Àwọn oníbàárà bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Owó tó wọlé lọ́dún náà fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti ọdún tó ṣáájú, nígbà tó sì di April 2013, Johnson ti kúrò. Oníbàárà fẹ́ kí owó dín, ó sì tún fẹ́ mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun jèrè. Bí òṣìṣẹ́ bá fajú ro nígbà tó ń gba kúpọ́ọ̀nù lọ́wọ́ ìyá àgbà, ó ti ba èrè náà jẹ́, bí ẹ̀rọ tilẹ̀ gbà á.

2. Ta ló ń san owó kúpọ́ọ̀nù?

Oríṣi méjì ni. Ọ̀kan jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọjà náà. Wọ́n máa ń tẹ Manufacturer Coupon sí i lórí. Èkejì jẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀.

Bí ẹ bá gba ti àkọ́kọ́, ṣọ́ọ̀bù ti bá ẹlòmíràn san owó sílẹ̀ ná ni. Wọn yóò kó ìwé náà jọ, wọn yóò fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ń kà wọ́n, ẹni tó ṣe ọjà yóò sì dá owó náà padà. Ó sábà máa ń fi sẹ́ǹtì 8 lé ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún wàhálà ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, tàbí tí oníbàárà kò ra ọjà tí a kọ síbẹ̀, tàbí tó jẹ́ ẹ̀dà tí wọ́n fi fọ́tòkọ́pì ṣe, ó lè kọ̀ láti san, ṣọ́ọ̀bù ni yóò sì pàdánù rẹ̀. Ìdí nìyí tí mánéjà fi ń le mọ́ni lórí ìwé pélébé.

Ìyàtọ̀ yìí kan owó orí ọjà ìpínlẹ̀ Maryland pẹ̀lú, èyí tó ti jẹ́ ìdá 6 nínú 100 láti January 3, 2008. Ẹ jẹ́ ká fi ọṣẹ ìfọṣọ $5.00 àti kúpọ́ọ̀nù $1.00 ṣe àpẹẹrẹ:

– Bó bá jẹ́ kúpọ́ọ̀nù ṣọ́ọ̀bù, orí $4.00 ni a ó ti ṣírò owó orí. Sẹ́ǹtì 24 ni. Oníbàárà yóò san $4.24.

– Bó bá jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọṣẹ, orí $5.00 ni a ó ti ṣírò rẹ̀. Sẹ́ǹtì 30 ni. Oníbàárà yóò san $4.30.

Sẹ́ǹtì 6 péré ni, ṣùgbọ́n ó lè dá gbogbo èrò tó wà lórí ìlà dúró. Òṣìṣẹ́ tó mọ ìdí rẹ̀ kàn lè sọ pé, "Ẹ má bínú, mà. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọṣẹ náà ló ń san dọ́là kan yẹn fún wa. Nítorí náà, lójú ìjọba, $5.00 ni a tà á." Ọ̀rọ̀ parí.

3. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ

Gbólóhùn mẹ́ta ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù:

– One per purchase: kúpọ́ọ̀nù kan fún ọjà kan. Ẹni tó ra páálí mẹ́rin lè lo kúpọ́ọ̀nù mẹ́rin.

– One per transaction: kúpọ́ọ̀nù kan ṣoṣo fún gbogbo ohun tí èèyàn rà lórí rìsíìtì kan.

– Do not double: àwọn ṣọ́ọ̀bù kan máa ń sọ owó kúpọ́ọ̀nù di ìlọ́po méjì, ẹni tó tẹ èyí ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ sí tòun.

Òṣìṣẹ́ tuntun máa ń ka ti àkọ́kọ́ bí ẹni pé ti èkejì ni, á sì dá ẹni tó jàre lẹ́bi níwájú èrò. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ọjọ́, ẹ wo orúkọ ọjà, ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀. Bí àwòrán orí kúpọ́ọ̀nù bá yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ti orí fóònù ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ àgbà kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí àwọn ti tẹ̀ ẹ́ kí àwọn tó sanwó. Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bi mánéjà bóyá ó láṣẹ láti bá wọn fi sí i. Bákan náà, ẹni tó fi káàdì SNAP tàbí WIC ra oúnjẹ kò rẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí ṣọ́ọ̀bù ṣe sí i bó ti ń ṣe sí àwọn oníbàárà yòókù, kúpọ́ọ̀nù sì wà lára rẹ̀.

4. Bí oníbàárà bá béèrè price match

Ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ òfin ṣọ́ọ̀bù yín bó ṣe wà lónìí, nítorí òfin yìí a máa yí padà. Ní January 2013, Target sọ ọ́ di òfin ọdún yípo pé àwọn yóò máa bá iye owó àwọn bíi Amazon àti Walmart dọ́gba. Láti July 28, 2025, wọ́n dáwọ́ èyí dúró. Iye tí Target fúnra rẹ̀ ń tà á nìkan ni wọ́n ń wò báyìí. Nítorí náà, oníbàárà tó ní, "Ẹ ṣe é fún mi lọ́dún 2024," lè má purọ́. Òfin ló yí padà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ní ṣọ́ọ̀bù tó bá ṣì ń ṣe é, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́rin:

Èkíní, ṣé ọjà kan náà ni? Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára páálí. Tẹlifíṣọ̀n méjì lè jọra bí ìbejì kí nọ́ńbà wọn má bára mu.

Èkejì, ta ló ń tà á? Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹlòmíràn lè gba àyè tajà lábẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ ńlá. Ọ̀pọ̀ òfin price match kò ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ kún.

Ẹ̀kẹta, ṣé ọjà náà wà nílẹ̀ níbẹ̀? Iye owó ọjà tó ti tán kì í sábà kà.

Ẹ̀kẹrin, ṣé iye tí gbogbo èèyàn lè rà á lónìí ni, àbí ti àwọn tó san owó ọmọ ẹgbẹ́ nìkan?

Ẹ jẹ́ kí oníbàárà máa wo ojú ẹ̀rọ bí ẹ ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 2007, Richard Blumenthal tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà fún ìpínlẹ̀ Connecticut nígbà náà pe Best Buy lẹ́jọ́. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé ojú-ewé tí wọ́n ń fi han oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù jọ ti íntánẹ́ẹ̀tì wọn, ṣùgbọ́n owó tó wà lórí rẹ̀ lè ju ti íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í tètè kúrò lọ́kàn àwọn èèyàn.

Bí òfin kò bá gbà kí ẹ dín owó, ẹ ṣì lè ran oníbàárà lọ́wọ́. Ẹ fi iye owó ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan tó wà lára páálí ìdí ọjà hàn án: iye tí ounce kan tàbí páùn kan jẹ́. Nígbà míì, ọjà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dín owó ju èyí tó ń bá yín jà lé lórí lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn nínú county wa. Giant Food, tó fi Landover ṣe ibùjókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún, gba Esther Peterson síṣẹ́ ní 1970 láti máa sojú fún àwọn oníbàárà. Obìnrin yìí ti bá ìjọba Kennedy àti ti Johnson ṣiṣẹ́. Lásìkò rẹ̀ ni Giant bẹ̀rẹ̀ sí kọ iye owó ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan síta. Lónìí, òfin Maryland pàṣẹ rẹ̀.

5. "Ṣebí ọmọ ìlú kan náà ni wá?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù lọ nìyí, ó sì kan àwa tí a kì í ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. A rí ọmọ wa lórí kántà, a yà sí ìlà rẹ̀, a ní, "Bá mi fi kúpọ́ọ̀nù tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn sí i. Lo ẹ̀dínwó òṣìṣẹ́ rẹ fún mi. Fo ọ̀kan." Lójú wa, èènì ni. Lójú òfin, olè jíjà lè ni. Ní Maryland, láti October 1, 2017, olè tó bá tó $1,500 di felony, ìyẹn ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Èyí tó kéré sí i ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó ní ẹ̀wọ̀n nínú. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà kan náà ni èèyàn ń gbà ṣe é léraléra, wọ́n lè ro díẹ̀díẹ̀ náà pọ̀. Kámẹ́rà wà lókè, orúkọ òṣìṣẹ́ sì sábà máa ń wà lórí rìsíìtì.

Ọmọ tí kò tíì di ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà lè pàdánù ju iṣẹ́ lọ. Ìdájọ́ olè jíjà lè dí i lọ́wọ́ nígbà tó bá fẹ́ gba green card tàbí kó di ọmọ onílẹ̀, ó sì lè mú kí wọ́n dá a padà sílé. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi dọ́là mẹ́ta ba ọjọ́ ọ̀la ọmọ yín jẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá bi yín, ẹ lè dáhùn pé: "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má bínú sí mi. Owó yìí kì í ṣe tèmi. Èyí tí òfin gbà ni mo lè ṣe fún yín." Àgbà tó mọyì ọmọ yóò gbà.

Ayédèrú kúpọ́ọ̀nù náà wà. Ní 2021, ilé-ẹjọ́ rán obìnrin kan ní Virginia Beach, ní ìpínlẹ̀ tó múlé gbè wá, lọ sẹ́wọ̀n ọdún 12 nítorí ayédèrú kúpọ́ọ̀nù tó mú kí àwọn oníṣòwò pàdánù owó tó lé ní mílíọ̀nù $31. Bí ìwé kan bá fu yín lára, ẹ má pe oníbàárà ní olè. Ó lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló tà á fún un. Ẹ ní, "Ẹ̀rọ kò gbà á, ẹ jẹ́ kí n pe mánéjà." Iṣẹ́ yín parí síbẹ̀.

6. Bí ohùn bá ti lọ sókè

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà sọ tẹnu rẹ̀ tán. Ẹ tún un sọ kó lè mọ̀ pé ẹ gbọ́: "Ohun tí ẹ sọ ni pé iye báyìí ni wọ́n kọ sórí ìwé." Ẹ sọ òfin lẹ́ẹ̀kan, ní gbólóhùn kan. Bí kò bá gbà, ẹ pe mánéjà kí ó tó di ariwo. Mánéjà ló láṣẹ láti yọ̀ǹda. Bó bá yọ̀ǹda ohun tí ẹ kọ̀, ẹ má kà á sí ìtìjú; owó ilé-iṣẹ́ ló fi ṣe é.

Ohun kan tún wà. Nílé wa, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í tẹjú mọ́ àgbà. Níbí, bí ẹ bá ń wolẹ̀ nígbà tí ẹ ń sọ pé kúpọ́ọ̀nù kò ṣiṣẹ́, oníbàárà lè rò pé ẹ ń fi nǹkan pamọ́. Ẹ wo ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Bí ó bá ní òun kò gbọ́ èdè yín, ẹ tọ́ka sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Kúpọ́ọ̀nù sọ pé One per purchase. Oníbàárà ra ọṣẹ mẹ́ta, ó mú kúpọ́ọ̀nù mẹ́ta wá. Mélòó ni ẹ ó gbà?

2. Ọṣẹ $10.00, kúpọ́ọ̀nù ilé-iṣẹ́ tó ṣe é jẹ́ $2.00. Èló ni oníbàárà yóò san ní Maryland?

3. Àbúrò yín ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ sì fẹ́ ra fíríìjì. Èwo nínú ohun tí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ló bófin mu?

Ìdáhùn sí méjì àkọ́kọ́: gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, $8.60. Ẹ jọ jíròrò ẹ̀kẹta pẹ̀lú àwọn ọmọ yín.

Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa, kí ó má jẹ́ ká ṣìṣe níbi tí a ti ń wá oúnjẹ òòjọ́. Àmín.