Ẹ Wo Ilé Kí Ẹ Tó Sanwó

Bí ènìyàn bá ti ń wá yàrá ní Èkó láti bí oṣù mẹ́ta, ojú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ejẹ́ǹtì ti gba owó wíwo ilé lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi sú u. Ìbátan tó gbà á sílé ti bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn nípa omi ìwẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá fi ojúlé kan hàn án tí agbára rẹ̀ ká, eré ló máa sá lọ san án, kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ dá yín dúró sí, ẹ̀yin ará mi, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìlú náà ti kún. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ní àwọn tó ń gbé ní Ìpínlẹ̀ Èkó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9. Ìjọba ìpínlẹ̀ ka tirẹ̀, ó ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù 17. Èyí ó wù kó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀, àwọn ènìyàn ò dẹ́kun àtiwá láti ìgbà náà. Ilẹ̀ ọ̀hún kò sì pọ̀: ọ̀sà nìyí, òkun nìyẹn, àbàtà ló gba púpọ̀ nínú èyí tó kù. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gbé òkè lé ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e, tí àwọn mìíràn sì ń fi pàǹtí dí àkúrọ̀ kí wọ́n tó kọ́lé lé e lórí. Nítorí pé ilé kò tó, kò sí ilé tó burú tó tí kò ní rí ayálégbé.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó ní Ìta Fàájì, ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà lókè rẹ̀. Nǹkan bí 20 ènìyàn ló kú, àwọn ọmọ ilé ìwé sì wà nínú wọn. Wọ́n ti sàmì sí ilé yẹn tẹ́lẹ̀ pé wíwó ni kí wọ́n wó o. Àwọn ènìyàn ṣáà ń gbé ibẹ̀, àwọn ọmọ ṣáà ń kàwé níbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ilé mẹ̀kúnnù nìkan ló ń wó, kó rántí ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní òpópónà Gerrard ní Ìkòyí. Ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ló wó, ènìyàn tó lé ní 40 ló sì bá a lọ.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ fi ti aláǹgbá sílẹ̀ ná. Ẹnu tí ògiri là ni kí ẹ wò. Ìlà tín-ínrín bí irun orí lára ìrẹ́lé kì í sábà ṣe nǹkan bàbàrà. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni èyí tó gba igun fèrèsé lọ ní ìdábùú, tó hàn nínú tó tún hàn níta, tí owó ẹyọ lè wọ̀ (bí ẹ bá ṣì rí owó ẹyọ). Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ilé, kí ẹ wo àwọn òpó àti abẹ́ dẹ́kì. Bí kọnkéré bá ti ń ṣí kúrò tí irin sì yọ síta, tó ti dípẹtà, irin tó ń jẹra lọ ló ru gbogbo ẹrù òkè yẹn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tì í. Ilẹ̀kùn àtijọ́ tó ṣàdédé ń há lè jẹ́ pé ògiri tó gbé e ró ti yẹ̀. Ẹ bi àgbàlagbà àdúgbò pé òkè mélòó ni ilé náà ní nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ. Bí ọ̀dà tuntun bá wà ní ojú kan ṣoṣo lára ògiri tó ti gbó, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi bò, nítorí ọ̀dà ni ìjọba fi ń sàmì sílé, ọ̀dà náà ni àwọn kan fi ń pa á rẹ́. Bí ẹ bá sì mọ bíríkìlà kan tó ń sọ òótọ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó tẹ̀ lé yín lọ. Ohun tí ẹ ó fún un kò lè tó kọmíṣọ̀n tí ejẹ́ǹtì máa gbà.

Ọ̀rọ̀ omi tún wà níbẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ilé tí omi ń yà wọ̀ máa ń rẹwà jù. Ẹ wò bóyá àwọ̀ ògiri yí padà láti orúnkún dé ilẹ̀, bóyá wọ́n fi bulọ́ọ̀kù dènà sí ẹnu ọ̀nà, bóyá ibùsùn àwọn tó wà nínú ilé wà lórí bulọ́ọ̀kù. Ẹ má bi ejẹ́ǹtì. Ìyá tó ń ta oúnjẹ ní òdìkejì títì ni kí ẹ bi, torí òun kò ní kọmíṣọ̀n nínú ẹ̀. Ẹni tó bá sì ń wá ilé sí Ìṣẹrì tàbí Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, kó má ṣe béèrè ti òjò nìkan. Odò Ògùn wà nítòsí. Bí ìsédò Ọ̀yán tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn bá kún, wọ́n á tú omi rẹ̀ sílẹ̀, pàápàá ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Oòrùn lè máa ràn l'Ékòó kí omi sì wà lẹ́nu ọ̀nà yín.

Ní ti owó, ẹ má san án sínú akáǹtì ejẹ́ǹtì láìtíì fojú kan onílé. Ènìyàn márùn-ún ti san owó yàrá kan ṣoṣo rí. Ẹ gba rìsíìtì. Òfin ayálégbé Èkó ti ọdún 2011 ní onílé kò gbọ́dọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Gbogbo wa mọ iye onílé tó ń tẹ̀ lé e. Síbẹ̀ ẹ bá wọn jà á dáadáa, torí ẹni tó ti san ọdún méjì kì í lè kúrò nígbà tí ògiri bá bẹ̀rẹ̀ sí í là.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí ìlà ògiri parí sí, kí ẹ kọ déètì síbẹ̀. Bó bá kọjá àmì yẹn, kí gbogbo ayálégbé para pọ̀ kọ̀wé sí onílé, kí ẹ sì fi tó LASBCA létí, àjọ tó ń mójú tó ilé kíkọ́ ní Èkó. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín pé wọ́n lè ti ilé náà pa, kí owó yín sì há síbẹ̀. Ó ṣeé ṣe lóòótọ́. Ẹ wá ibi tí ẹ ó forí pa mọ́ sí kí ẹ tó kọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́. Àdúrà dára, ẹ gbà á, ṣùgbọ́n ìta ni kí ẹ ti gbà á. Bí ògiri bá ń dún, tí eruku ń já bọ́ láti òkè, tàbí tí ilẹ̀kùn kò ṣí mọ́ lóru ọjọ́ kan, ẹ kó àwọn ọmọ àti arúgbó jáde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ kan ilẹ̀kùn àwọn aládùúgbò bí ẹ ṣe ń jáde, kí ẹ sì jìnnà sí ilé náà kí ẹ tó pe 767 tàbí 112. Ẹ má padà wọlé lọ mú fóònù tàbí tẹlifíṣọ̀n.