Omi Tuntun Kò Tíì Jẹ́ Omi Ẹja



Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì, ohun tó wà lọ́kàn mi ni táńkì onídígí tí wọ́n ń sin ẹja òkun àti iyùn ààyè sí. Mo fẹ́ gbé ọ̀kan kalẹ̀ sí yàrá mi ní Òjòó. Mo ṣírò rẹ̀. Omi òkun ní nǹkan bíi gíráàmù iyọ̀ 35 nínú lítà kan, nítorí náà táńkì lítà 200 yóò gba kílò 7. Iyọ̀ ọbẹ̀ tí à ń rà ní Bódìjà kò lè ṣe é: kálísíọ́ọ̀mù tí iyùn fi ń kọ́ egungun rẹ̀ kò sí níbẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Omi tó gbóná kọjá bíi 28 sì ń yọ iyùn lẹ́nu. Ẹni tó bá ti sun oorun ọ̀sán ní Òjòó lóṣù kẹta mọ ohun tí mò ń sọ. Bí iná bá tún lọ, tí ẹ̀rọ tó ń rú omi dúró, ó parí.

Mo pa á tì. Mo kọ́ táńkì símẹ́ǹtì sí ẹ̀yìnkùlé wa, mítà 3 ní gígùn, mítà 2 ní fífẹ̀, kí omi jìn tó mítà kan. Lítà 6,000 nìyẹn. Ẹja àrọ̀ ni mo yàn, torí ó lè wá mí afẹ́fẹ́ lókè omi, iná ì báà wà, ì báà má sí. Owó àjọ ìyá mi ni mo fi ṣe é.

Lọ́jọ́ kẹta tí símẹ́ǹtì gbẹ, mo da omi sí i, mo kó ọmọ ẹja 300 sínú rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, 214 ti kú. Ara wọn funfun, ó ń yọ̀ bí ilá. Ìyá mi dúró létí táńkì, kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Bàbá kan tó ń sin ẹja ládùúgbò wa ló bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé o fọ símẹ́ǹtì yẹn?" Mo ní mo fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ó rẹ́rìn-ín.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Símẹ́ǹtì tuntun ń tú èròjà ẹfun sínú omi, pH á sì gòkè. Mo wọn tèmi: ó ju 10 lọ. Àrọ̀ fẹ́ 6.5 sí 8.5. Ẹ má sì rántí pé ìyàtọ̀ kékeré ni, torí ìṣísẹ̀ kan lórí òṣùwọ̀n pH jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá.

Wàhálà kejì ni amóníà, tí ẹja ń tú jáde láti inú ìyẹ́ tó fi ń mí. Bí pH bá jẹ́ 7, apá tó jẹ́ májèlé nínú rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá di 9, nínú omi gbígbóná bíi tiwa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Mímí afẹ́fẹ́ òkè omi kò gba àrọ̀ lọ́wọ́ èyí. Bákítéríà ló ń gbà á: àwọn kan ń sọ amóníà di nitrite, àwọn mìíràn ń sọ nitrite di nitrate, tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Ara ògiri, òkúta àti iyanrìn ni wọ́n ń gbé, ó sì lè gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Bákan náà ni fún táńkì iyùn. Àwọn tó ń ṣe é máa ń kó òkúta tó ti gbé inú òkun sí i, kí bákítéríà lè tètè dé.

Mo kún táńkì náà, mo sì tú omi rẹ̀ dànù lọ́jọ́ karùn-ún karùn-ún, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, títí pH fi sọ̀ kalẹ̀ sí 8. Bàbá fún mi ní òkúta garawa kan láti inú táńkì rẹ̀ àtijọ́. Àwọn 86 tó kù wà nínú agbada ike. 50 péré ni mo kọ́kọ́ kó padà. Mo ń pò omi táńkì mọ́ omi ike wọn díẹ̀díẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú kí n tó tú wọn sílẹ̀, oúnjẹ sì kéré ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà mo ra 100 sí i. Ìyá mi tún wá dúró síbẹ̀. "Ṣé omi náà ti gbà wọ́n báyìí?"

Mo ní, "Ẹ ju oúnjẹ sí wọn, mà."