Ta Ló Fojú Ara Rẹ̀ Rí Mẹ́kà?

Lọ́dún 1183, ọ̀mọ̀wé ará Andalúsíà kan, Ibn Jubayr, la Òkun Pupa kọjá, ó sì gúnlẹ̀ sí Jẹ́dà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé esùsú ni wọ́n fi kọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìlú náà, ó sì fi ìbínú ròyìn bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ àwọn onírìnàjò hájì nítorí owó. Ó kọjá sí Mẹ́kà, ó sì lo ọ̀pọ̀ oṣù níbẹ̀. Ibn Battuta, ará Mòrókò, dé Mẹ́kà ní tiẹ̀ lọ́dún 1326, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé ìrìnàjò rẹ̀. Ó ń sọ ọ́, Ibn Juzayy ń kọ ọ́, wọ́n sì parí rẹ̀ ní nǹkan bí 1355. Nígbà tí akọ̀wé yìí dé orí ọ̀rọ̀ Mẹ́kà, ó bu ọ̀rọ̀ Ibn Jubayr lò lọ́pọ̀ ibi. Nítorí náà, bí ìwé méjèèjì bá sọ ohun kan náà nípa Mọ́sálásí Mímọ́, ẹ má tíì pè é ní ẹ̀rí ẹni méjì. Ó lè jẹ́ pé ẹnì kan ló dá orin, tí èkejì kàn gbè é.

Iye ẹlẹ́rìí ni kí olùwádìí máa kà, kì í ṣe iye ìwé. Ibi tí a ti ń rí ẹni tó yá ọ̀rọ̀ lò lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni ọ̀rọ̀ ìṣáájú àti àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé nínú àwọn ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ òǹkàwé máa ń fò. William Wright tẹ ìwé Ibn Jubayr jáde ní Leiden lọ́dún 1852. De Goeje tún un ṣe lọ́dún 1907. Broadhurst túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1952. Ìwé àfọwọ́kọ tí Wright lò, Mẹ́kà gan-an ni wọ́n ti dà á kọ lọ́dún 1470, ó lé ní 280 ọdún lẹ́yìn tí Ibn Jubayr ti kúrò níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí tó fojú rí i pàápàá, ọwọ́ adàwékọ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbà dé ọ̀dọ̀ wa.

Àwọn kan á ní kí ló kan àwọn òyìnbó wọ̀nyí nínú ìtàn Mẹ́kà. Ìbéèrè gidi ni. Wüstenfeld, ará Jámánì, tẹ ìwé ìtàn Mẹ́kà tí al-Azraqi kọ jáde lọ́dún 1858, ṣùgbọ́n Rushdi Malhas náà ṣàtúntò ìwé kan náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní Mẹ́kà. Ẹ gbé méjèèjì síra wọn. Ibi tí wọ́n bá ti yàtọ̀ ni iṣẹ́ wà. Ẹlòmíràn á ní gbogbo rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lóòótọ́, Shamela, ibi ìkówèésí orí íntánẹ́ẹ̀tì, kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé Lárúbáwá jọ lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì yá láti fi wá orúkọ ènìyàn tàbí ti ìlú. Àmọ́ bí ẹ bá ti rí ọ̀rọ̀ náà, ẹ wo ìwé tí wọ́n tẹ̀ kí ẹ tó tọ́ka sí i. Ẹni tí kò gbọ́ Lárúbáwá lè fi Broadhurst bẹ̀rẹ̀, kó sì tọ àwọn olùkọ́ èdè náà lọ ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Èyí kò ní ká sọ ìwé Ibn Battuta nù. Ohun tí Ibn Juzayy yá lò ń fi hàn wá pé ní 1355, ìwé Ibn Jubayr ṣì ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ̀rí ni ìyẹn nípa àwọn tó ń kọ̀wé ní Mòrókò nígbà náà, kì í ṣe nípa Mẹ́kà tí Ibn Battuta dé.