Igbó ni, kì í ṣe ọgbà

Ní Ìdànrè níbí, oko kòkó lè ṣú dùdù débi pé oòrùn kò ní í kanlẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Síbẹ̀ oko kòkó là ń pè é, a kì í pè é ní igbó, nítorí pé ẹnì kan ló gbìn ín. Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn bí a bá ń lọ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, torí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ wa kan tí wọ́n ń pè é ní "ọgbà Ọ̀ṣun".

Ẹ wo àpólà orúkọ wọ̀nyí: ọgbà ẹranko, ọgbà òdòdó. Ẹ̀yán tó wà níbẹ̀ ń sọ ohun tí a kó sínú ọgbà fún wa. Nínú igbó Ọ̀ṣun tàbí igbó Orò, ìhun kan náà ni, ọ̀rọ̀ orúkọ méjì tó tẹ̀ léra, ṣùgbọ́n ìkejì ni ẹni tó ni ibẹ̀. Lóòótọ́, a lè sọ pé ọgbà Adé. Adé náà ló sọ ọgbà ọ̀hún, tàbí ló fowó rà á. Igbó kò nílò ẹni tí yóò sọ ọ́.

Ìyàtọ̀ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa igbó Ọ̀ṣun run rí. Nígbà tí yóò fi di nǹkan bí 1950 sí 1960, wọ́n ti ń gé igi ibẹ̀, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀gbìn sì ti gba apá kan, wọ́n gbin tíìkì sí i. Igi ṣáà ni tíìkì, ṣùgbọ́n oko ni ibẹ̀ ń dà lọ. Susanne Wenger, ọmọ Austria tó dé Nàìjíríà ní 1950, tí àwọn ará Òṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ jọ. Adébísí Àkànjí ń fi símẹ́ńtì ṣe ère, Buraimoh Gbadamosi ń gbẹ́ òkúta, Kasali Akangbe ń gbẹ́gi. Wọ́n tún ojúbọ kọ́, wọ́n sì to ère sáàárín igi, kí ẹni tó gbé àáké wá lè mọ̀ pé ibẹ̀ ní olúwa. Ògiri ọlọ́nà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n lójú tèmi ère ló ṣe iṣẹ́ ọgbà jù. Ìjọba sọ igbó náà di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965. UNESCO kọ hẹ́kítà 75 rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Wọn kì í pẹja, wọn kì í ṣọdẹ, wọn kì í gégi níbẹ̀.

(Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn sórí ère. Láìsí i, ẹni tó ń kàwé lè rò pé èrè, eré tàbí erè ló wà nínú igbó. Ní oṣù kẹjọ tí wọ́n ń ṣọdún Ọ̀ṣun, eré àti èrè kì í kúkú wọ́n níbẹ̀.)

Òkè Ìdànrè náà ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé láti 2007. Àlejò á gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 kó tó dé ìlú àtijọ́ àti ààfin Ọwá. Kí ni a ó pe àwọn igi tó wà láàárín àpáta fún un? Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ, ṣùgbọ́n ẹ̀ka-èdè tiwa ń ṣe é: uṣu, ugbó. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá àkòrí iṣẹ́ ìwádìí, ẹ bi àwọn àgbà tó dàgbà sórí òkè níbi tí ugbó ti parí tí oko ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ká ohùn wọn sílẹ̀.