Kíndìnrín Ẹ̀gbọ́n Lára Àbúrò

Ìyàwó ilé kan ló kọ̀wé láti Ìfọ́n, nítòsí Òṣogbo. Ọdún kejì rèé tí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ti fún ọkọ náà ní kíndìnrín kan. Ara ọkùnrin náà ti yá, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó wá ní òun fẹ́ jáwọ́ nínú oògùn tó ń gbówó lọ́wọ́ òun lóṣooṣù. Ìyá rẹ̀ ti gbé àgbo kaná. Ìbéèrè obìnrin yìí ni pé: ṣebí ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, kí ni ara tún ń bá kíndìnrín ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà sí?

Kó má jáwọ́ o. Oògùn yẹn ni kò jẹ́ kí ìjà bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo wa la ní àmì kan lára sẹ́ẹ̀lì wa, ìlàjì láti ọ̀dọ̀ bàbá, ìlàjì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bí ọmọ ìyá-bàbá mẹ́rin bá ṣàyẹ̀wò, ó lè jẹ́ ti ẹnì kan ṣoṣo ló máa bá ti aláìsàn mu pátápátá, ó sì lè má sí rárá. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ń yẹ àmì yìí wò bí ọlọ́dẹ tó dá àlejò dúró lóru. Pé àlejò gbé ẹ̀bùn wá kò kàn án.

Ìbejì tó ti inú ẹyin kan ṣoṣo wá nìkan ni ọlọ́dẹ yìí kì í dá dúró. Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ abẹ Dókítà Joseph Murray yọrí sí rere ní Boston nìyẹn, ní December 23, 1954, nígbà tí wọ́n fi kíndìnrín Ronald Herrick sára Richard, ìkejì rẹ̀. Àmọ́ kí ìbejì ilẹ̀ Yorùbá má tíì yọ̀: ẹyin méjì ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, wọn ò sì ju tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lọ lójú ọlọ́dẹ.

Tacrolimus, oògùn tí wọ́n sábà ń lò, ti ara kòkòrò àìfojúrí kan wá, èyí tí wọ́n rí nínú erùpẹ̀ Tsukuba ní Japan, ní 1984. Ó ń mú ọlọ́dẹ tòògbé ni, kò pa á. Bó bá kéré jù nínú ẹ̀jẹ̀, ara á kọ kíndìnrín. Bó bá pọ̀ jù, òun fúnra rẹ̀ á bà á jẹ́. Àgbo lè mú un lọ sókè tàbí sílẹ̀, ojú kò sì ní rí i. Ara ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú sì máa ń tètè lo oògùn yìí tán, kò yẹ kí baálé náà fi iye tó ń lò wé ti ẹlòmíì.

Ní Stanford àti Boston, wọ́n ti fi mùdùnmúdùn egungun olùfúnni kún kíndìnrín fún àwọn kan, tí díẹ̀ lára wọn sì bọ́ lọ́wọ́ oògùn. Ìwádìí ṣì ni.

Bó bá jẹ́ owó ló ń da baálé náà láàmú, kó sọ fún dókítà rẹ̀, kó má fọwọ́ ara rẹ̀ dín in. Láti 2002 ni ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ kíndìnrín yìí. Ibẹ̀ kò jìnnà sí Ìfọ́n. Bó bá ti mu àgbo náà, kó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, kó fi oògùn sínú àpò títí wọn yóò fi gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó tó lò ó.