Ọmọ Ìmàle àti Yunifásítì Ìjọ Àgùdà: Ìwádìí Kan láti Libreville

Nígbà tí mo kúrò nílé ní ìsinmi ọdún tó kọjá láti lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Libreville, olú-ìlú Gàbọ́ǹ, èmi kò mọ̀ pé iṣẹ́ olùkọ́ ni n óò bá níbẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta tí mo dé, ẹ̀gbọ́n mi pè mí jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní ọjà Mont-Bouët, níbi tí ó ti ń ta aṣọ láti nǹkan bí 30 ọdún sẹ́yìn. Ó ní, “Tísà, àbígbẹ̀yìn mi ti yege bàkáloréà. Ó ní yunifásítì àwọn Àgùdà ní Yaoundé ni òun fẹ́ lọ. Ìwọ ni o mọ̀wé. Wádìí ọ̀rọ̀ náà fún mi kí n tó fọhùn.”

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, láìpẹ́ ẹ̀yin pẹ̀lú yóò di olùkọ́, àwọn òbí yóò sì máa gbé irú ìbéèrè yìí wá bá yín. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ ròyìn bí mo ti ṣe ìwádìí náà fún yín, àti àṣìṣe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Iye owó ilé-ẹ̀kọ́ ni mo kọ́kọ́ ń béèrè kiri. Ọmọ náà gbọ́ mi títí, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá mi, ẹ má bínú, ẹ kò tíì bi mí ní ohun tí mo fẹ́ lọ kọ́.” Ojú tì mí. Ìṣirò owó àti àkóso òwò ni ó fẹ́ kọ́, nítorí pé láti kékeré ni ó ti ń bá bàbá rẹ̀ ka owó ní alaalẹ́, ó sì ti rí ibi tí owó ń gbà lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jí i.

Ìlú tí a wà nínú rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ yìí mu ju bí mo ti rò lọ. Ní 1846, àwọn ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Faransé mú ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Elizia, ẹrú ni ó kó. Ní 1849, a tẹ díẹ̀ nínú àwọn tí a gbà sílẹ̀ náà dó sí ẹnu odò Gàbọ́ǹ, a sì sọ ibẹ̀ ní Libreville. Ìtumọ̀ orúkọ náà kò yàtọ̀ sí ti Freetown, níbi tí a gbé Àjàyí Crowther tiwa lọ nígbà tí a gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní 1822, tí ó sì di ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay College, tí a dá sílẹ̀ ní 1827. Jean-Rémi Bessieux, àlùfáà Àgùdà, ti dé ẹnu odò Gàbọ́ǹ ní 1844, kí ìlú náà tó ní orúkọ. Èdè Mpongwe ni ó kọ́kọ́ kọ́, ó sì tẹ ìwé kan jáde lórí gírámà èdè náà ní 1847, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn tí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tirẹ̀. Orúkọ Bessieux ni a fi sọ ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíramà ìlú náà títí di òní. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé Ìjọ Àgùdà ní yunifásítì, kí á má rò pé àṣà tuntun ni. Láti orí àwọn ọmọ tí ń kọ́ a-b-d ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

(Ẹni tí ó bá dé Libreville, kí ó gbìyànjú láti rí ṣọ́ọ̀ṣì Saint-Michel ní Nkembo. A gbẹ́ ìtàn Bíbélì sára àwọn òpó igi rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ti rí òpó ààfin kò ní ṣàì dúró wò wọ́n pẹ́.)

Ìjọba Gàbọ́ǹ dá yunifásítì tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1970. Orúkọ Omar Bongo ni ó ń jẹ́ láti 1978. Ti Ìjọ Àgùdà tí ọmọ náà ń sọ kò sí ní Gàbọ́ǹ rárá. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀: Kamẹrúùnù, Gàbọ́ǹ, Kóńgò ti Brazzaville, Ṣáàdì, Equatorial Guinea, àti ilẹ̀ Central African Republic. Póòpù fi àṣẹ sí i ní 1989, ẹ̀kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní Yaoundé ní 1991. Kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́ ní agbègbè náà. Àwọn ará Louvain ní Bẹ́ljíọ̀mù, tí yunifásítì tiwọn ti wà láti 1425, ti dá Lovanium sílẹ̀ ní ìlú tí à ń pè ní Kinshasa lónìí ní 1954, ṣùgbọ́n ìjọba gba ìyẹn lọ́wọ́ Ìjọ ní 1971. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù ìgbà yìí kò gbàgbé ọ̀rọ̀ náà, mo rò bẹ́ẹ̀, nítorí pé kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ni wọ́n ti bá ìjọba Kamẹrúùnù tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn.

Yunifásítì náà kò tóbi bí èyí tí ìjọba ń dá sílẹ̀, kò sì kéré bí ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà. Ẹ̀kọ́ ìsìn àti ìmọ̀ ọgbọ́n orí wà níbẹ̀, òfin wà, ìtọ́jú aláìsàn wà, àti èyí tí ọmọ wa ń fẹ́, tí wọ́n ń kọ́ ní àdúgbò Ekounou. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó mọ níwọ̀n dà bí agbo ilé tí ó mọ níwọ̀n. Bí ọmọ kan kò bá wá jẹun, a óò béèrè rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn tí èrò ti kún dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ lè sọnù fún oṣù mẹ́ta kí olùkọ́ rẹ̀ má mọ̀. Ṣùgbọ́n kí á sọ òdìkejì rẹ̀ pẹ̀lú: ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, bí ọmọ bá yí ọkàn padà ní ọdún kejì, tí ó ní iṣẹ́ dókítà ni òun wá fẹ́, kò sí ibi tí yóò yà sí nínú ọgbà kan náà. Owó sì ni a fi ń gbé e ró. Òbí ni yóò san án.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìsìn. Ibí yìí ni ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ sí, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni wá, Mùsùlùmí ni bàbá tó bí wa. Nígbà tí a wà ní kékeré, bàbá wa kọ̀ kí a lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́n kan nítòsí, nítorí wọ́n sọ fún un pé a óò yí orúkọ wa padà. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Mo mọ Ràímì tí ó wọlé tí ó sì jáde ní Raymond. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nínú ohun tí ó mú kí àwọn Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, kí wọ́n lè ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn. Èmi jókòó sílé fún ọdún méjì kí a tó rí ibòmíràn fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ rárá. Ó ti dàgbà jù nígbà náà. Òwò ni ó bá lọ.

Nítorí náà, èmi kò fi ẹnu lásán dá a lóhùn. Mo wá òfin tí Póòpù John Paul Kejì gbé jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1990 fún gbogbo yunifásítì Ìjọ Àgùdà ní àgbáyé, tí à ń pè ní Ex Corde Ecclesiae, mo sì kà á sókè fún un, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ti ń lọ. Òfin náà kò fi ara pa mọ́. Ó ní ẹ̀kọ́ Ìjọ gbọ́dọ̀ hàn nínú gbogbo iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà, ó sì ní àwọn olùkọ́ tí kì í ṣe ọmọ Ìjọ kò gbọdọ̀ pọ̀ ju àwọn tí í ṣe ọmọ Ìjọ lọ. Nínú ìpín kan náà tí ó ti ní kí ẹ̀kọ́ Ìjọ hàn ni ó ti sọ pé a gbọ́dọ̀ bọ̀wọ̀ fún òmìnira ẹ̀rí-ọkàn olúkúlùkù pátápátá. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà. Ó ní, “Ìyẹn ni pé ilé wọn ni, wọn kò sì ní fi ipá mú àlejò?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí. Ó ní, “Ìwé ti wí. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ńkọ́?” Èmi kò rí èsì fi fún un. Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn dára ju gbogbo ohun tí mo ti kà lọ.

Ti ìwé ẹ̀rí kò gbà wá pẹ́. Gàbọ́ǹ àti Kamẹrúùnù jọ wà nínú CAMES, àjọ tí a dá sílẹ̀ ní 1968 láti máa wo bí ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí ti dọ́gba sí. Àwọn ilẹ̀ náà sì jọ ń lò ètò ọdún mẹ́ta fún oyè àkọ́kọ́, méjì fún èkejì. Owó kan náà ni wọ́n ń ná. Ti ìwé ìgbélùú ni ó le. Inú ọjà Mont-Bouët ni a bí ọmọ yìí sí, kí á máa wí, ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àdéhùn tí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ ilẹ̀ CEMAC máa wọ ilẹ̀ ara wọn láti 2017 kò kàn án. Àwọn àgbà ọjà náà kò sì gbàgbé 1978, nígbà tí ìjọba Gàbọ́ǹ lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ jáde. Yorùbá wà nínú wọn. Ẹ̀rù ń ba ìyá ọmọ náà pé bí ó bá jáde lọ fún ọdún mẹ́ta, wọ́n lè máà jẹ́ kí ó padà wọlé. Mo ní kí wọ́n lọ tún káàdì ìgbélùú rẹ̀ ṣe kí wọ́n tó san kọ́bọ̀ kan fún ilé-ẹ̀kọ́ kankan.

Mo dá a lábàá pé kí ó wá sílé. Ìjọ Àgùdà ní Augustine University ní Ìlárá lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, tí ó gba àṣẹ ní 2015, àti Dominican University ní Ìbàdàn, tí ó gba tirẹ̀ ní 2016. Ìyá àgbà rẹ̀ kò sì jìnnà sí Ìbàdàn. Nínú ọkàn mi, mo fẹ́ kí ó gbọ́ Yorùbá tó jinlẹ̀ díẹ̀. Ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé èdè Faransé ni òun fi kọ́ ìṣirò láti kíláàsì kìíní, àti pé òun kò fẹ́ fi ọdún kan kọ́ orúkọ tuntun fún ohun tí òun ti mọ̀. Mo gbà fún un. Cotonou pẹ̀lú ní ẹ̀ka yunifásítì Ìjọ Àgùdà ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Faransé ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí á fi ìyẹn sí ẹ̀yìn etí.

Ní alẹ́ tí ó ṣíwájú ọjọ́ tí mo padà, ẹ̀gbọ́n mi fún ọmọ náà ní ìwé àti kálámù, ó ní kí ó kọ gbogbo ohun tí ó fẹ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Yaoundé sílẹ̀. Ó kọ ọ́ ní Faransé, ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Mélòó ni akẹ́kọ̀ọ́ nínú kíláàsì ọdún àkọ́kọ́? Ṣé a lè san owó náà ní ìgbà mẹ́ta? Irú ilé-iṣẹ́ wo ni àwọn tó jáde ní ẹnu ọdún yìí ti ń ṣiṣẹ́? Ṣé wọn yóò jẹ́ kí òun wọ hìjáàbù lọ sí ìdánwò? Èyí tí ó kẹ́yìn ni pé, níbo ni àwọn Mùsùlùmí inú yín ti ń kírun Jímọ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi gba ìwé náà, ó ká a sí méjì, ó fi sínú àpò agbádá rẹ̀. Ó ní òun kò ní fi ránṣẹ́ ní póòsì. Ọmọ ọ̀rẹ́ òun kan ń gba Oyem àti Bitam lọ sí Yaoundé ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun yóò bá a lọ, òun yóò sì gbọ́ èsì náà lẹ́nu wọn fúnra òun.