Ẹni Tí Yóò Jẹ Oyin Inú Àpáta

Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ọmọ Yorùbá tí ó bá ti gbọ́njú kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ òwe yìí fún un, n kò sì ní fi ìtumọ̀ rẹ̀ dá ẹnikẹ́ni dúró. Ohun tí ó mú mi mú kálàmù ni ibi tí mo ti gbọ́ òwe náà lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àti irú ẹnu tí ó ti jáde.

Pápá bọ́ọ̀lù kan ni, ní òwúrọ̀ Sátidé, níbi tí àwọn kan ti wá ṣa ọmọ tí yóò máa gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Àwọn ọmọ náà pọ̀ lọ súà. Òmíràn wọ bàtà bọ́ọ̀lù tí ó yá lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, òmíràn wọ kanfáàsì tí àtàǹpàkò ti yọjú níwájú rẹ̀, gbogbo wọn sì ti wà níbẹ̀ láti ìdájí. Nígbà tí ó kàn wọ́n, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀ ni a fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, tí ó fi jẹ́ pé ẹlòmíràn kò tíì fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ tí fèrè fi dún pé kí wọ́n máa bọ̀ níta. Àwọn tí ara wọn ti le, tí irùngbọ̀n ti ń hù lágbọ̀n wọn, ni a mú, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ ni wọ́n ní àwọn ń wá. Èyí nìkan ì bá má bí mi nínú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn tí ó wá ṣa ọmọ ti wọ ọkọ̀ wọn tán, ọkùnrin kan tí ó ń pe ara rẹ̀ ní màníjà kó àwọn bàbá àwọn ọmọ tí a kò mú jọ sábẹ́ igi odán, ó ní òun mọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí yóò gba ọmọ wọn ní òkè òkun, ó sì pa òwe oyin inú àpáta yìí fún wọn kí ó tó dá iye owó tí olúkúlùkù yóò mú wá. Bàbá kan tí ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà, tí mo mọ̀ dáadáa, ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí ó ní. Ọmọ rẹ̀ kò kọjá orílẹ̀-èdè kejì sí tiwa. Ibẹ̀ ni màníjà ti pòórá mọ́ ọn lójú, tí fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́, tí ọmọ sì ń sùn ní ibùdókọ̀ títí ẹlẹ́yinjú àánú kan fi san owó ọkọ̀ rẹ̀ padà sílé. Mo rí i nígbà tí ó dé. N kò fẹ́ kí irú rẹ̀ ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí àwọn ni ọkàn wọn gbọgbẹ́ jù. Ẹni tí ó wá ṣa agbábọ́ọ̀lù kì í ṣe babaláwo, ìwé tí ó mú lọ́wọ́ kì í sì í ṣe ọpọ́n Ifá. Ìwọ̀n tí ojú rẹ̀ rí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó sọ, ìwọ̀n tí ojú ènìyàn sì lè rí ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò tó nǹkan.

Ẹ wo Victor Osimhen, ọmọ ilẹ̀ Ẹ̀ṣán tí a bí sí Èkó Àkéte ní ọdún 1998, tí ó dàgbà sí Olúṣòsùn, ní ẹ̀bá ààtàn ńlá tí gbogbo Èkó mọ̀. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní kékeré, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, òun àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ní láti máa kiri ọjà kí wọ́n tó jẹun. Òun ni ó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pẹ̀lú omi inú ọ̀rá. Nígbà tí a ń ṣa àwọn ọmọ tí yóò gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà láàárín àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, a kọ́kọ́ fojú fò ó, kí Emmanuel Amuneke tí ó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn tó ní kí a pè é padà. Ọmọ tí a ti ń dá padà sílé yìí ni ó gbá góòlù 10 wọlé ní ilẹ̀ Chile ní ọdún 2015, tí kò sí ẹni tí ó gbá tó o, tí àwa sì gba Ife Àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ náà bọ̀ wálé.

Àwọn tí ń fi ìtàn yìí gba ọmọ níyànjú a máa dákẹ́ síbí, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó kún fún ẹ̀kọ́ jù. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, Wolfsburg ní ilẹ̀ Jámánì rà á. Kò gbá góòlù kan ṣoṣo fún wọn, a sì ṣe iṣẹ́ abẹ sí èjìká rẹ̀. Ní ọdún 2018, nígbà tí ibà ti gbé e dè, ó lọ fi ara rẹ̀ hàn ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Zulte Waregem ní àwọn kò fẹ́, Club Brugge náà ní àwọn kò fẹ́. Charleroi ni ó gbà á ní àyálò, góòlù 20 ni ó sì fi san oore wọn. Láti ibẹ̀ ó dé Lille ní 2019, ó dé Napoli ní 2020, nígbà tí ó sì di ọdún 2023, Napoli gba ife ẹ̀yẹ líìgì Ítálì tí wọn kò rí gbà fún ọdún 33, Osimhen sì gbá góòlù 26 wọlé nínú líìgì náà, ó di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò borí gbogbo agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Ítálì nínú góòlù gbígbá. Ní ìparí ọdún yẹn ni a fi í jẹ agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù lọ ní Áfíríkà, oyè tí kò sí ọmọ Nàìjíríà kankan tí ó jẹ ẹ́ mọ́ láti ìgbà tí Kanu ti jẹ ẹ́ ní 1999.

Ní alẹ́ kan náà, lórí pèpéle kan náà, Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú Ọ̀gà, gba ti àwọn obìnrin fún ìgbà kẹfà. Inú mi a máa dùn nígbàkígbà tí mo bá rántí pé àwọn òbí rẹ̀ kò fẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù rárá, ìwé ni wọ́n fẹ́ kí ó kà. Arsenal kò rí i lò bí ó ti yẹ ní 2016. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Dalian ní ilẹ̀ Ṣáínà, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìrẹ̀sílẹ̀ ni, ó gba líìgì níbẹ̀, láti ibẹ̀ ni Barcelona sì ti wá pè é. Ọdún kan lẹ́yìn alẹ́ tí mo wí yìí, oyè ti ọkùnrin bọ́ sọ́wọ́ Adémọ́lá Lookman, ọmọ wa tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ àdúgbò kan tí ń jẹ́ Waterloo títí ó fi pé ọdún 16, ní ìlú tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá ti ń ṣa ọmọ láti bí ọdún mẹ́jọ. Charlton ni ó mú un. Ní Dublin, ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, góòlù mẹ́ta ni ó gbá wọ ilé Leverkusen nínú àṣekágbá Europa League, tí Atalanta fi gba ife náà.

Kí ló dé tí ojú àwọn tí ń ṣa ọmọ fi ń fo irú àwọn wọ̀nyí? Ara ni wọ́n ń wò. Ọmọ tí ó tètè bàlágà yóò sáré ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ lónìí, yóò sì gbá a dànù, ẹni tí ń yára ṣà yóò sì rò pé ọgbọ́n bọ́ọ̀lù ni. Ní tiwa, a tún fi irọ́ pípa kún un: a ń gé ọjọ́ orí kúrò, a sì ń pe ọjọ́ orí tí ó ṣẹ́kù ní ti bọ́ọ̀lù, bí ẹni pé ènìyàn lè bí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Irọ́ yìí ni FIFA fi yọ Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ní 1989, tí a kò fi rí ìdíje ọ̀dọ́ ti 1991 gbà lálejò mọ́. Láti 2009 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wo egungun ọrùn-ọwọ́ ọmọ nínú ìdíje àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ, àwọn tí a sì ń já kúrò nítorí rẹ̀ kò lóǹkà. Ọmọ ọdún 15 tòótọ́ tí a ní kí ó bá àgbàlagbà ọdún 22 du bọ́ọ̀lù, ìyà wo ni ó tún kù tí a kò tíì fi jẹ ẹ́? Ìwà ìkà ni, ó sì ń bí mi nínú pé bàbá mìíràn ni ó ń fi owó ara rẹ̀ ra ìwé ẹ̀rí ìbí èké fún ọmọ rẹ̀.

Ó wá kù kí n sọ èyí tí yóò ya àwọn kan lẹ́nu: èmi kò fara mọ́ òwe náà délẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ọmọ tí ń gbá bọ́ọ̀lù, ara ọmọ yẹn ni àáké. Orúnkún rẹ̀ ni, èjìká rẹ̀ ni, ọjọ́ orí rẹ̀ tí kò dúró de ẹnikẹ́ni ni. Ẹni tí kò bá wo ẹnu irú àáké bẹ́ẹ̀, tí ó ń lu àpáta ṣáá, yóò ṣẹ́ ẹ kí ó tó rí oyin. Mo mọ àwọn ọmọ tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ kí wọ́n má baà mọ ìrora ẹsẹ̀, kí wọ́n lè ṣeré níwájú àlejò, tí ẹsẹ̀ náà kò sì gbé wọn mọ́ kí wọ́n tó pé ọmọ ogún ọdún. Ìforítì ni a pè é fún wọn. Òwe náà tún ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àpáta kan ṣoṣo ni ó wà láyé. Osimhen kò jókòó ti Wolfsburg, Oshoala kò jókòó ti Arsenal; wọ́n wo ara wọn, wọ́n wo ibi tí wọ́n dúró sí, wọ́n sì lọ sí ibi tí a ó ti fún wọn ní bọ́ọ̀lù gbá. Bẹ́ẹ̀ ni Osimhen ì bá forí tì títí ọ̀la, bí Amuneke kò bá tún un wò lẹ́ẹ̀kejì, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n? Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń ṣa ọmọ, iṣẹ́ yín ni láti tún un wò. Ẹ má di gbogbo rẹ̀ lé ìforítì ọmọ ọlọ́mọ lórí.

Mo fẹ́ kí a tún rántí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ òde òní rò pé ẹni tí kò bá dé òkè òkun kò gbá bọ́ọ̀lù. Ní Ìbàdàn, nílé Olúyọ̀lé, ni ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars, ní ìgbà kan náà tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Pólì Ìbàdàn. Ní 1980, ní pápá ìṣeré Sùúrùlérè, góòlù méjì nínú mẹ́ta tí a fi na Àlùjíríà nínú àṣekágbá Ife Ilẹ̀ Áfíríkà ni ó gbá wọlé, àkọ́kọ́ tí a ó gba ife náà láyé. Bákan náà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí Sheffield Wednesday lé Jamie Vardy ní ọmọ ọdún 16, ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ohun èlò ìtọ́jú aláìsàn ni ó ti ń ṣiṣẹ́ bí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù fún Stocksbridge tí ń san pọ́n-ùn 30 fún un lọ́sẹ̀; lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni ó dé Leicester, tí wọ́n sì jọ gba líìgì ní 2016. Ọwọ́ kan mú iṣẹ́, ọwọ́ kejì mú bọ́ọ̀lù. Ẹni tí ó bá wà báyìí lè forí tì fún ọdún mẹ́wàá láìjẹ gbèsè ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀yin ìyá, mo bẹ̀ yín, ẹ má ta ilẹ̀. Òfin FIFA kò gbà kí a mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ gbá bọ́ọ̀lù ní orílẹ̀-èdè mìíràn, àfi nítorí àwọn ìdí díẹ̀ tí òfin náà fúnra rẹ̀ kà sílẹ̀, owó tí ẹ bá kó fún màníjà kò sì sí lára wọn. Láti 2023, ẹni tí yóò ṣe aṣojú agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò FIFA kí ó sì gba ìwé àṣẹ, orúkọ àwọn tí ó ní i sì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì FIFA fún ẹnikẹ́ni láti wò. Ẹ forúkọ ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wa mọ̀, nítorí pé bí a bá rà á lọ́la, òfin yóò fún ẹgbẹ́ tí ó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 ní ìpín nínú owó náà, wọn yóò sì tipa bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí ó yege. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ ọmọ ní tòótọ́ ni yóò náwó lé e lórí. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá wá, ẹ béèrè lẹ́tà tí ẹgbẹ́ náà fi pe ọmọ, ẹ fúnra yín kọ̀wé sí ẹgbẹ́ náà kí ẹ tó dáhùn. Ẹni tí ó bá sì bínú lọ nítorí ìbéèrè wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.